Dándírọ́ọ̀fù: kì í ṣe pé orí yín gbẹ

"Orí ẹ ló gbẹ, fi àdín sí i." Bí mo ṣe ń gbọ́ ọ láti kékeré nìyẹn, àti nílé, àti nísọ̀ onídìrí. Ìyá mi á jókòó sórí àga, á fi mí sáàárín ẹsẹ̀, á máa fi ìrù òòyà ya irun mi, á sì máa họ dándírọ́ọ̀fù, ìyẹn èépá funfun tó ń bó lórí, kúrò títí orí á fi máa ta mí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá fi àdín pa á. Orí á dúdú, á máa dán fún ọjọ́ méjì. Lọ́jọ́ kẹta, funfun ti tún wà léjìká aṣọ mi.

Àdín yẹn ò wo nǹkan kan. Ńṣe ló lẹ èépá náà mọ́ orí, tí ojú ò fi rí i mọ́.

Ẹ rò ó wò. Bó bá jẹ́ gbígbẹ ló ń fà á, ojúgun ni ì bá kọ́kọ́ mú, torí kò síbi tó ń gbẹ tó o lásìkò ọyẹ́. Àmọ́ orí, ẹ̀gbẹ́ imú àti ẹ̀yìn etí ló ń yọ sí, níbi tí ara ti ń mú ọ̀rá jáde jù. Ọmọ tí kò tíì bàlágà kì í sábàá ní in, torí ẹ̀yìn ìbàlágà ni ọ̀rá orí ń pọ̀ sí i.

Ohun kan tí ojú lásán ò lè rí ló ń jẹ ọ̀rá náà. Malassezia lorúkọ ẹ̀, ẹbí ìwúkàrà ni. Orúkọ Louis-Charles Malassez, ará Faransé tó ṣàpèjúwe ẹ̀ lọ́dún 1874, ni wọ́n fi sọ ọ́. Orí gbogbo wa ló wà, àní orí tó mọ́ tónítóní, torí náà ẹ yé pe ẹnikẹ́ni ní ọ̀bùn. Kò lè ṣe ọ̀rá fúnra ẹ̀. Tiwa ló ń jẹ. Ohun tó ń ṣẹ́ kù níbi oúnjẹ ẹ̀ kì í bá awọ orí àwọn kan mu. Orí á máa yún, awọ tuntun á máa yára jáde ju bó ṣe yẹ lọ, ti àtijọ́ á sì máa bó bí ìpẹ́ ẹja. Bẹ́ ẹ bá wá da òróró lé e, oúnjẹ lẹ tún gbé fún un.

Ọṣẹ ìfọrun tó ní ketoconazole, zinc pyrithione tàbí selenium sulfide ló ń ká a lọ́wọ́ kò. Ẹ ka ara ike kẹ́ ẹ tó sanwó. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìṣe ni pé irun ni wọ́n ń fi pa, wọ́n á sì ṣàn án lójú ẹsẹ̀. Awọ orí ló yẹ kó dé: ẹ fi ìka tì í wọlé láàárín irun, ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú 5. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ tó fún irun tiwa. Bẹ́ ẹ bá jáwọ́ pátápátá, ó máa ń padà.

Bó bá jẹ́ orí ọmọ ilé ìwé ló ń funfun, tí irun sì ń já lójú ibi róbótó, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ làpálàpá. Ìyẹn máa ń ràn, ó sì máa ń wọ inú irun fúnra ẹ̀ níbi tí ìpara kì í dé. Ẹ gbé ọmọ náà lọ sọ́dọ̀ dókítà, torí oògùn tí wọ́n ń gbé mì ló ń lé e lọ.