Ta ló yẹ ká pè: oníṣẹ́ iná tó wà nítòsí, àbí èyí tó ń wọn iná kó tó fọwọ́ kàn án?

Ayálégbé: Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Tí iná ilé bá ń ṣe ségesège láago méjì òru, ẹni tó lè dé láàárín ìṣẹ́jú 20 ni kéèyàn pè. Oníṣẹ́ iná àdúgbò mọ bí wọ́n ṣe fa wáyà ilé tó wà láyìíká rẹ̀, owó ọkọ̀ rẹ̀ ò sì ní pọ̀. Iṣẹ́ inú ilé ò ju sọ́kẹ́ẹ̀tì, súìṣì, gílóòbù àti bíréékà lọ. Kí ló wá le níbẹ̀ tí a fi ń wá ẹni tó gbé ìwé ẹ̀rí kọ́ ògiri?

Bíréékà Àgbà: Ohun tó le níbẹ̀ ni pé iṣẹ́ iná tí wọn ò ṣe dáadáa náà máa ń ṣiṣẹ́. Tí ojú páìpù omi ò bá dè, omi á máa kán, tọmọdé tàgbà á rí i. Ṣùgbọ́n tí síkúrù sọ́kẹ́ẹ̀tì ò bá di wáyà mú, iná á tàn, fáànù á yí, onílé á sanwó, oníṣẹ́ á máa lọ. Tó bá yá, ibi tí wáyà ò ti fara kan idẹ dáadáa yẹn á máa gbóná nígbàkigbà tí wọ́n bá ki áyọ́ọ̀nù sí i. Tó bá gbóná, irin á wú. Tó bá tutù, á sún kì. Bẹ́ẹ̀ ni síkúrù á máa dẹ̀ sí i títí rọ́bà á fi bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́. Bíréékà ò sì ní já wálẹ̀ o, torí iye iná tó ń gba ibẹ̀ kọjá ò ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ìṣẹ́jú tó fi dé kọ́ ni ká máa kà, oṣù tí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ á fi dúró ni.

Ìyá Onílé: Ẹ̀gbọ́n, ọ̀rọ̀ yín yé mi, ṣùgbọ́n báwo lẹni tí kò kọ́ṣẹ́ iná ṣe máa dá wọn mọ̀? Gbogbo wọn náà ló ń ki tẹ́sítà bọ àpò ṣẹ́ẹ̀tì.

Bíréékà Àgbà: Lórí fóònù lẹ ti máa mọ̀ ọ́n, Ìyá. Ẹ bi í pé: "Bíréékà yàrá kan ń já wálẹ̀ ṣáá, kí lẹ máa kọ́kọ́ ṣe?" Tó bá ní òun á gbé èyí tó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ sí i, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kẹ́ ẹ pa fóònù. Ẹni tó mọṣẹ́ á bi yín léèrè padà: kí ló wà lórí wáyà yẹn? Ṣé ojú ẹsẹ̀ tẹ́ ẹ bá gbé e sókè ló ń já, àbí ó máa ń dúró díẹ̀? Èyí tó já lójú ẹsẹ̀, wáyà méjì ló sábà máa ń fara kanra níbì kan. Èyí tó dúró bí ìṣẹ́jú 10 tàbí 15 kó tó já, ẹrù ló pọ̀ jù fún un.

Ẹ tún béèrè ohun tó fi ń wọn iná. Tẹ́sítà oníná pupa kékeré yẹn ò tó. Ó lè tàn lórí wáyà tí wọ́n ti pa, torí pé wáyà mìíràn tó níná sùn tì í. Ó sì lè kọ̀ láti tàn lórí èyí tó níná gan-an tí ẹni tó dì í mú bá wọ bàtà rọ́bà tó nípọn. Ohun ìwọ̀n gidi ni kó mú wá, kó fi wo ibi tó mọ̀ pé iná wà, kó fi wo ibi tó fẹ́ ṣiṣẹ́, kó tún padà fi wo ibi àkọ́kọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta. Ẹni tó bá fo ẹ̀kẹta ò lè mọ̀ bóyá iná ni kò sí níbẹ̀ tàbí ohun ìwọ̀n ló kú.

Ayálégbé: Kí ló burú nínú bíréékà tó tóbi? Tí bíréékà áńpù 16 bá ń já, tí ti áńpù 32 ò sì já, ṣé ìṣòro ò ti parí ni?

Tẹ́sítà: Bọ̀dá, bíréékà ò wà fún fìríìjì tàbí tẹlifíṣọ̀n. Wáyà inú ògiri ló ń ṣọ́. Wáyà tó nípọn tó 1.5 mm² ni wọ́n sábà máa ń fà fún gílóòbù, bíréékà rẹ̀ sì máa ń jẹ́ áńpù 6 tàbí 10. Ti sọ́kẹ́ẹ̀tì jẹ́ 2.5 mm², áńpù 16 tàbí 20. Ẹ̀rọ ìdáná àti ẹ̀rọ tó ń gbóná omi ńlá máa ń gba 4 tàbí 6 mm², ó kù sí bí wáyà ṣe gùn tó àti bí ibi tó gbà kọjá ṣe gbóná tó.

Ẹ wá ṣírò ọ̀rọ̀ yín. Ẹ̀rọ omi gbígbóná tó jẹ́ wáàtì 3000 lórí iná fóòtì 230 ń fa áńpù 13. Áyọ́ọ̀nù wáàtì 2000 ń fa bí áńpù 9. Tí méjèèjì bá wà lórí wáyà kan, áńpù 22 nìyẹn. Bíréékà 16 tó bá já níbẹ̀, iṣẹ́ tí wọ́n gbà á sí ló ń ṣe. Tẹ́ ẹ bá wá gbé 32 sórí wáyà kan náà, wáyà fúnra rẹ̀ lẹ sọ di fíúsì, àárín ògiri ló sì máa ti jó. Oògùn rẹ̀ ni kí wọ́n fa wáyà ọ̀tọ̀ fún ẹ̀rọ omi láti àpótí bíréékà.

Ọmọ Alátùpà: Mo fara mọ́ ọ̀rọ̀ bíréékà, ṣùgbọ́n ẹ má fi àìní irinṣẹ́ olówó gọbọi bu àwọn oníṣẹ́ àdúgbò kù. Ọ̀nà tó rọrùn wà láti mọ ibi tí ẹ̀bi wà. Ẹ yọ gbogbo ohun tó wà lójú sọ́kẹ́ẹ̀tì. Ẹ rẹ gbogbo bíréékà sílẹ̀, ẹ gbé súìṣì àgbà sókè, kẹ́ ẹ wá máa gbé bíréékà sókè lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá gbé gbogbo rẹ̀ wálẹ̀, òun ló lẹ́bi. Onílé gan-an lè ṣe é. Kí lẹ fẹ́ fi mẹ́gà, ohun ìwọ̀n tó ń wò bóyá iná ń jò lára wáyà, ṣe?

Tẹ́sítà: Ọ̀nà yẹn dára tó bá jẹ́ wáyà láìfù, èyí tó ń gbé iná wá, ló lẹ́bi. Tó bá jẹ́ niútírà, èyí tó ń dá iná padà, ló fara kan wáyà ilẹ̀, èyí tó ń kó iná tó bá jò wọlẹ̀, ó máa tàn yín jẹ. Bíréékà kéékèèké tó wà nínú ọ̀pọ̀ àpótí, láìfù nìkan ló ń gé. Ẹ lè rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, niútírà rẹ̀ ṣì so mọ́ irin tí gbogbo niútírà ilé ti pàdé níbẹ̀. RCD, ìyẹn ohun tó ń gé iná nígbà tó bá ń jò, sì ń fi iná tó jáde lọ lójú láìfù wé èyí tó padà wá lójú niútírà. Tí ìyàtọ̀ bá ti tó mílíáńpù 30, ó gbọ́dọ̀ gé e. Tí díẹ̀ nínú iná yàrá mìíràn bá rí ojú ọ̀nà gba niútírà tó lẹ́bi yẹn wọlẹ̀, RCD á já nígbà tí bíréékà yàrá tó lẹ́bi wà nílẹ̀. Oníṣẹ́ tó ń bá ọ̀nà tiyín lọ á wá ní RCD ló bàjẹ́, á pààrọ̀ rẹ̀, onílé á sanwó, èyí tuntun náà á tún já.

Mẹ́gà ló ń yanjú rẹ̀. Ẹ pa súìṣì àgbà, ẹ yọ gbogbo ẹ̀rọ, kí oníṣẹ́ tú niútírà kúrò lórí irin lọ́kọ̀ọ̀kan, kó fi fóòtì 500 wọ̀n ọ́n sí wáyà ilẹ̀. Èyí tó bá kéré sí 1 MΩ (ìwọ̀n bí rọ́bà wáyà ṣe ń dí iná lọ́nà) ti lẹ́bi. Ó lè jẹ́ omi tó wọ iná ìta, tàbí ìṣó tí wọ́n kàn mọ́ ògiri láti fi gbé àwòrán kọ́.

Ọmọ Alátùpà: Ó dáa, mo gbà. Ti niútírà yẹn máa ń da ọ̀pọ̀ láàmú lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ má sọ pé kí onílé má ṣe tèmi rárá. Kí oníṣẹ́ tó dé, ó ti lè mọ̀ bóyá ẹ̀rọ ló fà á.

Tẹ́sítà: A ò jà lórí ìyẹn. Èyí tí mo ń bá jà ni ẹni tó ń tú wáyà ilẹ̀ kúrò kí RCD má baà já mọ́. Ajá ń gbó, ẹ pa ajá, ẹ ní olè ti lọ.

Ìyá Onílé: Ta ló yẹ kó ra ọjà? Àwọn kan ní kí n fún oníṣẹ́ lówó, àwọn kan ní kí n rà á fúnra mi.

Ayálégbé: Ẹ rà á fúnra yín, Ìyá. Ibẹ̀ gan-an ni èrè wọn wà.

Ọmọ Alátùpà: Tí onílé bá ra wáyà tí kò dára, tó bá jó, ta ni wọ́n máa dá lẹ́bi? Kí oníṣẹ́ kọ ohun tó fẹ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ìwọ̀n rẹ̀: wáyà 2.5 mm² oníbàbà, mítà báyìí. Bíréékà áńpù 20, ẹyọ báyìí. Kí onílé san án fún ẹni tó ń tà á, kó gba rìsíìtì, kí oníṣẹ́ wá yẹ ọjà wò kó tó gé e. Wáyà tí wọ́n fi bàbà bo alumíníọ́mù lójú pọ̀. Ẹ fi ọ̀bẹ họ ọ́: tí inú rẹ̀ bá funfun, ẹ dá a padà. Fífẹ̀ náà ṣe é wọ̀n. Wáyà ẹlẹ́yọ kan tó bá jẹ́ 2.5 lóòótọ́, bàbà inú rẹ̀ fẹ̀ tó bíi mílímítà 1.78, ti 1.5 tó bíi 1.38. Rọ́bà tó nípọn lè fi wáyà tín-ín-rín pamọ́, torí náà bàbà ni kẹ́ ẹ wọ̀n.

Owó ọjà nìkan lẹ máa san ṣíwájú. Kí díẹ̀ nínú owó iṣẹ́ dúró dìgbà tó bá dán an wò lójú yín.

Ìyá Onílé: Dídán wò bíi báwo?

Bíréékà Àgbà: Kó tẹ bọ́tìnì T tó wà lójú RCD, ó gbọ́dọ̀ gé lójú ẹsẹ̀. Kẹ́ ẹ ki ẹ̀rọ tó ń fa iná púpọ̀ sí sọ́kẹ́ẹ̀tì tuntun fún ìṣẹ́jú 30, kẹ́ ẹ wá fẹ̀yìn ọwọ́ kan ojú rẹ̀. Lílọ́wọ́ọ́wọ́ díẹ̀ ò burú. Èyí tó ta èèyàn lọ́wọ́ ni kó tún tú. Kó tó rẹ́ ògiri, ẹ ya fọ́tò ibi tí wáyà gbà. Ẹ má gba ibi tí wọ́n lọ́ wáyà méjì pọ̀, tí wọ́n fi téèpù dì, tí wọ́n sì rẹ́ sínú ògiri láìsí àpótí. Gọ́ọ̀mù téèpù yẹn ò ní pẹ́ gbẹ. Kó sì kọ orúkọ sára bíréékà kọ̀ọ̀kan.

Ayálégbé: Gbogbo èyí dára lójú ọ̀sán. Ọ̀rọ̀ òru ni mo ń sọ, ẹ ò tíì dá mi lóhùn. Ṣé kí n jókòó nínú òkùnkùn torí mò ń wá ẹni tó ní mẹ́gà?

Bíréékà Àgbà: Ó kù sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Sọ́kẹ́ẹ̀tì kan tó kú, gílóòbù kan tí kò tàn, ẹ jẹ́ kílẹ̀ mọ́, ẹ má san owó òru fún un. Òórùn rọ́bà tó ń jó, sọ́kẹ́ẹ̀tì tó ń ta pàrà, ẹ̀rọ omi tàbí ilẹ̀kùn irin tó ń gbé èèyàn: ẹ rẹ súìṣì àgbà sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kẹ́ ẹ tó pe ẹnikẹ́ni. Tó bá ti ń jó, ẹ má da omi sí i.

Ọ̀kan wà tí oníṣẹ́ àdúgbò ò lè tún ṣe rárá. Tí gílóòbù kan bá ṣàdédé mọ́lẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, tí òmíràn sì ń ṣú, ó ṣeé ṣe kí niútírà ti já níta. Níbi tí wọ́n ti ń fi wáyà láìfù mẹ́ta pín iná fún àwọn ilé, fóòtì 230 lè gun òkè sí ọ̀nà 400, ẹ̀rọ á sì jó láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ẹ pa súìṣì àgbà, kẹ́ ẹ pe ilé iṣẹ́ tó ń pín iná. Èdìdì mítà kì í ṣe ohun tí oníṣẹ́ tiwa gbọ́dọ̀ já.

Tẹ́sítà: Bọ̀dá Ayálégbé, ẹ pe ẹni tó wà nítòsí lóru, n ò bá yín jà mọ́. Ṣùgbọ́n ohun kan ṣoṣo ni kẹ́ ẹ ní kó ṣe: kó yọ wáyà tó lẹ́bi kúrò lórí bíréékà àti lórí irin niútírà, kó fi ohun tí iná ò lè gbà kọjá bo orí rẹ̀, kó kọ "ẹ má fọwọ́ kàn" sí i, kí ìyókù ilé sì níná. Àtúnṣe gidi di ọ̀sán, pẹ̀lú ohun ìwọ̀n. Owó méjì, iṣẹ́ méjì.

Ayálégbé: Ìyẹn ṣe é gbọ́. Owó méjì yẹn ló ṣì ń dùn mí.

Ìyá Onílé: Tó bá wá jẹ́ wáyà fìríìjì ni wọ́n yọ ńkọ́?

Tẹ́sítà: Ẹ fa ẹ̀stẹ́ńṣọ̀n láti sọ́kẹ́ẹ̀tì tó wà lórí bíréékà mìíràn, Ìyá. Kó jẹ́ onípìnnì mẹ́ta, kí wáyà rẹ̀ má kéré sí 1.5 mm². Ẹ tú u tán látorí ìká rẹ̀, torí tó bá wà ní kíká, ooru ò ní rí ibi jáde. Ẹ má fà á gba abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì, ẹ má sì ki áyọ́ọ̀nù mọ́ ọn.