Irọ́ ni pé oníṣẹ́ ọwọ́ ni rọ́bọ́ọ̀tì máa kọ́kọ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó wà ní Adó ní ọmọ kan tó ń kọ́ṣẹ́ ríwáyà, iṣẹ́ àwọn tó ń tún iná mọ́tò ṣe. Ó ti lo ọdún méjì lọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀, ó ku oṣù méje kó gba fírídọ́ọ̀mù. Mo lọ kí wọn lọ́sẹ̀ tó kọjá, ni ẹ̀gbọ́n mi bá ní àwọn fẹ́ yọ ọmọ náà kúrò níbẹ̀, kó lọ kọ́ títẹ̀wé lórí kọ̀ǹpútà kó lè ríṣẹ́ sí ọ́fíìsì. Mo ní, "Kí ló dé, mà?" Wọ́n ní, "Ṣé o ò gbọ́ pé rọ́bọ́ọ̀tì ń bọ̀ ni? Àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ló máa kọ́kọ́ lé lẹ́nu iṣẹ́. Ẹni tó bá jókòó sídìí tábìlì ni ò ní fara gbá."

Mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo sì ti gbọ́ ọ nínú mọ́tò Ìkẹ́rẹ́. Ó yé mi ìdí tó fi rọ àwa ará Èkìtì lọ́rùn láti gbà á gbọ́. Ìwé la fi ń yangàn. Àwọn bàbá wa ta kòkó, wọ́n fi oko dúró gbowó, kí ọmọ ṣáà lè kàwé. Ẹni tó kàwé ti bọ́ lọ́wọ́ ìyà, ohun tí wọ́n fi tọ́ wa dàgbà nìyẹn.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tó ń bọ̀ yìí, ìwé gan-an ló mọ̀. Lóṣù Kẹjọ ọdún 2023, ILO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́, gbé ìwádìí jáde lórí irú ẹ̀rọ bíi ChatGPT, ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà tó ń dáhùn ìbéèrè, tó sì ń kọ̀wé fúnra rẹ̀. Iṣẹ́ akọ̀wé ọ́fíìsì ni wọ́n rí i pé ó máa kàn jù. Nínú 100 nǹkan tí akọ̀wé ń ṣe, 24 ló wà lójú ọ̀nà rẹ̀ gan-an, ó sì lè dé ọ̀dọ̀ 58 mìíràn níwọ̀nba. Wọ́n ní ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ló máa yí padà dípò kó parẹ́, ṣùgbọ́n títẹ̀wé tí ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ fọmọ sá lọ bá ló wà ní iwájú ìlà yẹn.

Mo rí i fúnra mi ní ìsọ̀ atẹ̀wé kan ní Ajílósun. Ọmọkùnrin kan wọlé, kò ní kí wọ́n bá òun kọ lẹ́tà. Ó ti sọ ohun tó fẹ́ fún fóònù rẹ̀, fóònù ti kọ ọ́ tán, ó kàn fẹ́ kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sórí pépà ni. Owó pépà kan ló san.

Ní 1988, Hans Moravec, tó ń ṣiṣẹ́ rọ́bọ́ọ̀tì ní Amẹ́ríkà, kọ ọ́ pé ó rọrùn kí kọ̀ǹpútà ṣe ohun tí àgbàlagbà ń fi ọpọlọ ṣe ju kó mọ bí ọmọ ọdún kan ṣe ń ríran, tó sì ń rìn lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí: ní 1997, kọ̀ǹpútà Deep Blue na Garry Kasparov nínú ayò ṣẹ́ẹ̀sì, Kasparov tó jẹ́ ọ̀gá wọn láyé nígbà náà.

Ẹ wá wo ẹni tó ń wa iṣu tuntun lábẹ́ òkè Olósùnta. Á fi ọkọ́ ṣí ẹ̀gbẹ́ ebè díẹ̀, á ju ọkọ́ sílẹ̀, á ki ọwọ́ bọ ilẹ̀. Ìka ló fi ń mọ ibi tí iṣu yà sí, ìka náà ló sì fi ń mọ̀ bóyá òkúta ló kàn. Á gé iṣu náà lábẹ́ orí, á rọra da ilẹ̀ bo gbòǹgbò padà kó lè ta èèbù. Bó bá ṣá a lọ́gbẹ́, kò ní pẹ́ jẹrà. Rọ́bọ́ọ̀tì àkọ́kọ́ tó wọ ilé iṣẹ́, ti General Motors ní New Jersey ní 1961, irin gbígbóná ló ń gbé, irin yẹn sì ń dúró síbì kan náà lójoojúmọ́. Ebè méjì ò jọra wọn.

Mi ò ní oníṣẹ́ ọwọ́ ti bọ́ o. Katakata ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ alágbàṣe, ẹ̀rọ sì ń gúnyán ní ilé oúnjẹ. Bẹ́ẹ̀ ni mi ò ní kọ́mọ má kàwé. Lóṣù Kẹfà ọdún 2023, adájọ́ kan ní New York bu ìtanràn 5,000 dọ́là fún àwọn lọ́yà tó kó ẹjọ́ tí kò ṣẹlẹ̀ rí wá sí kóòtù. ChatGPT ló hun ún fún wọn, wọn ò sì yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹni tó mọ òfin dójú àmì tó lè sọ pé "irọ́ lèyí" ṣì níṣẹ́.

Mo bẹ ẹ̀gbọ́n mi kí wọ́n bá mi dé ṣọ́ọ̀bù. A bá ọmọ náà nínú tòkunbọ̀ kan, ó dùbúlẹ̀ sábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, ó fẹnu gbá tọ́ọ̀ṣì mú. Àwọn tó ti tún ọkọ̀ yẹn ṣe ṣáájú ti so wáyà mọ́ wáyà ní ìsokúso. Ó ń fọwọ́ tọ ọ̀kan lẹ́yìn òmíràn, títí ó fi fa ọ̀kan jáde. Èkúté ti jẹ ẹ́. Ó bó o, ó so ó, ó fi téèpù wé e, iná sì tàn lójú mọ́tò.

Ẹ̀gbọ́n mi dúró fúngbà díẹ̀. Wọ́n wá yíjú sí ọ̀gá rẹ̀, wọ́n ní èló ni owó fírídọ́ọ̀mù máa jẹ́.