Owó mi ni mo fi ra ẹ̀rọ yìí, mi ò sì lè pa á láti Ẹdẹ

Inú ń bí mi gidigidi. Láti Sátidé ni mo ti ń gbé e mì, kò lọ.

Fọ́tò ni mò ń yà. Ìgbéyàwó, ìkómọ, ìsìnkú, títí kan ọdún Ọ̀ṣun, inú NAS, ìyẹn ẹ̀rọ tí wọ́n ń kó fáìlì pa mọ́ sí, téèyàn lè ti ibòmíì bá sọ̀rọ̀ lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, tó wà nílé wa ní Òṣogbo ni gbogbo ẹ̀ wà. Díìsì méjì ló wà nínú ẹ̀, ohun tó wà lórí ọ̀kan ló wà lórí èkejì. Tí wọ́n bá mú iná lọ, inverter ló ń gbé e. Ṣùgbọ́n UPS, àpótí bátìrì tí wọ́n ṣe fún kọ̀ǹpútà, tó bá ní okùn USB máa ń kìlọ̀ fún ẹ̀rọ pé bátìrì ń tán lọ, kó tètè palẹ̀ mọ́. Inverter tèmi ò ní okùn, ńṣe ló kàn máa ń kú lójijì. Bó bá sì kú nígbà tí ẹ̀rọ ń kọ nǹkan lọ́wọ́, díìsì méjèèjì ló jọ máa jìyà ẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ àṣẹ kan péré ló gbà kó tó palẹ̀ mọ́ kó sì kú: "sudo poweroff". Tí mo bá wà nílé, orí bẹ́ẹ̀dì ni mo ti ń ṣe é. Ní Sátidé, Ẹdẹ ni mo wà, ìyàwó ń jó wọlé, ni wọ́n pè mí pé kò síná láti àárọ̀, inverter ti ń han. Mo ṣí fóònù kí n fi pa á: "offline", kò rí ẹ̀rọ náà.

Ẹdẹ níbí níbí yìí o!

Ẹ̀yin tí ẹ ń ta dátà fún wa, kí ló dé? Ẹ kó èmi àti ọ̀pọ̀ èèyàn sábẹ́ àdírẹ́sì íńtánẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo. 100.72 ni nọ́ńbà ráútà mi fi bẹ̀rẹ̀, bẹ́ẹ̀ àdírẹ́sì àjọlò ni gbogbo èyí tó wà láàárín 100.64 sí 100.127. Ará ilé lè gbà á jáde, ẹni tó wà níta ò lè gbà á wọlé. Mo bẹ̀ yín kẹ́ ẹ fún mi ní tèmi, ẹ ní ti ilé-iṣẹ́ ńlá ni. Ṣé owó tèmi ni kì í ṣe owó ni?

Mi ò sọ pé kí n ṣílẹ̀kùn fún gbogbo ayé. Irú ẹ̀rọ báyìí tó wà ní gbangba ni DeadBolt, ètò àwọn ọ̀daràn orí íńtánẹ́ẹ̀tì, wọ̀ ní 2022, tó ti fáìlì onífáìlì pa, tó ń béèrè owó. Mo ti fi Tailscale sí i báyìí, ètò ilé-iṣẹ́ kan tó ń so fóònù mi mọ́ ẹ̀rọ náà láìṣí ilẹ̀kùn fún aráyé. Ṣùgbọ́n kí ló dé tó fi jẹ́ ẹlòmíì ni màá bẹ̀ kí n tó dé ilé ara mi?

Mo pe màmá mi. Ìlù ń dún létí mi ọ̀tún, mo fi ìka di tòsì.

"Ẹ jọ̀ọ́ mọ̀mí, ẹ tẹ bọ́tìnnì iwájú ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kẹ́ ẹ yọwọ́ kíá."

"Ó ṣì ń tàn o."

"Ẹ fi sílẹ̀, á kú fúnra ẹ̀."

Ariwo ò jẹ́ kí wọ́n gbọ́. "Mo ti dì í mú dáadáa," ni wọ́n wí, "ó ti kú." Ọkàn mi já. Téèyàn bá tẹ̀ ẹ́ fẹ́rẹ́, á palẹ̀ mọ́ kó tó kú. Tó bá dì í mú, bí ẹni já okùn iná ni. Mi ò bá wọn wí. Kí ló kan ìyá mi nínú wàhálà yìí?

Ẹ̀rọ náà ń to fọ́tò ìkómọ tí mo yà lọ́jọ́ Ẹtì lọ́wọ́ nígbà yẹn. Mo sì ti nu káàdì ẹ̀ kí n lè fi ya ti Ẹdẹ. Fóldà yẹn ò tíì ṣí títí di bí mo ṣe ń kọ èyí. Bàbá ọmọ ń bọ̀ wá gbà á lọ́jọ́ Àìkú.