Jíjìnnà oòrùn kọ́ ló ń mú òtútù wá

Ọ̀rọ̀ kan tún ti ń jà ràn-ìn lórí WhatsApp. Wọ́n ní ayé ń sún kúrò lọ́dọ̀ oòrùn, láti 90 mílíọ̀nù kìlómítà sí 152 mílíọ̀nù, pé òtútù tí a kò rí irú rẹ̀ rí máa mú wa títí di oṣù kẹjọ. Ìyá Àgbà wa ní Ọjà Ọba ti kó súwẹ́tà jáde, àyà wọn ń já. Irọ́ gbáà ni.

Ayé kò fìgbà kan wà ní 90 mílíọ̀nù. Tó bá súnmọ́ oòrùn jù, nǹkan bí 147 mílíọ̀nù ni. Tó bá jìnnà jù, 152 mílíọ̀nù, lọ́dọọdún. Ẹ wá wò ó: oṣù kìíní, tí ọyẹ́ ń mú, tí ètè ń bó, tí ẹsẹ̀ ń funfun bí ẹni tó rìn nínú eérú, ìgbà náà gan-an ni oòrùn súnmọ́ wa jù lọ!

Afẹ́fẹ́ ló wà nídìí ẹ̀. Èyí tó ń ti Sàhárà bọ̀ ló ń kó eruku ọyẹ́ wá. Lọ́dún tó bá le, ẹ lè dúró ní Bẹẹrẹ kí ẹ má rí gbọ̀ngàn Mápó dáadáa. Lọ́dún mìíràn, ọyẹ́ kàn máa yọjú ni. Ní ti òtútù oṣù keje, afẹ́fẹ́ òkun àti ìkuukùu tó bo oòrùn ni.

Bẹ́ẹ̀ náà ni nílùú òyìnbó. Ní 1963, òtútù England le débi pé omi òkun dì láwọn etíkun kan, ayé kò sì yà kúrò lójú ọ̀nà rẹ̀.

Mo ti pe Ìyá Àgbà: kí wọ́n wọ súwẹ́tà tí òwúrọ̀ bá tutù, ṣùgbọ́n kí wọ́n pa àtẹ̀jíṣẹ́ yẹn rẹ́.