Ta Ló Sọ Pé Ọjọ́ 21 Ni Nǹkan Fi Ń Mọ́ni Lára?

Kò dájú pé ẹnìkan wà tó ń wá ọ̀nà láti dín ìsanra kù tí kò tíì gbọ́ ọ rí: ṣáà rọ́jú fún ọjọ́ 21. Bí o bá ti fi ọjọ́ 21 rìn láràárọ̀, tí o sì yẹra fún ohun mímu aládùn, ara á ti gbà á, kò ní í nira mọ́. Èmi náà gbà á gbọ́. Mo ń fa igi sára kàlẹ́ńdà lójoojúmọ́ bí ẹlẹ́wọ̀n tó ń retí ìtúsílẹ̀. Ilẹ̀ ọjọ́ kejìlélógún mọ́, ibùsùn ṣì ń fà mí, ẹsẹ̀ mi ṣì wúwo. Mo ní ọ̀lẹ ni mí nìyẹn. Odidi ọdún kan ni mo fi pa rírìn tì. Ó ṣì ń dùn mí títí dòní, torí pé ọ̀nà tó dára ni mo wà, ọ̀rọ̀ tí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ ló lé mi kúrò níbẹ̀.

Oníṣẹ́ abẹ kan wà ní Amẹ́ríkà tó ń jẹ́ Maxwell Maltz. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa tún ojú àti imú èèyàn ṣe. Nínú ìwé tó gbé jáde lọ́dún 1960, ó ní òun kíyè sí i pé, ó kéré tán, ó máa ń tó nǹkan bí ọjọ́ 21 kí ojú tuntun tí aláìsàn ń rí nínú dígí tó mọ́ ọn lára. Ohun tó fojú rí nínú iṣẹ́ rẹ̀ ló sọ. Kò kó àwọn tó fẹ́ máa ṣe eré ìmárale jọ kó wá ka ọjọ́ wọn. Àmọ́ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe ń ti ẹnu dé ẹnu, “ó kéré tán” já bọ́ lọ́nà. Ọjọ́ 21 nìkan ló dé etí tiwa.

Àwọn tó wá ka ọjọ́ náà ní tòótọ́ ni Phillippa Lally àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní University College London. Ènìyàn 96 ló bá wọn kópa. Kálukú mú nǹkan kan ṣoṣo tí yóò máa ṣe lójoojúmọ́, ó lè jẹ́ omi mímu, èso jíjẹ tàbí eré ìmárale, ó sì ń ṣe é lẹ́yìn ohun kan tó máa ń ṣe tẹ́lẹ̀, bí oúnjẹ àárọ̀. Ọ̀sẹ̀ 12 ni wọ́n fi tọ̀ wọ́n lẹ́yìn. Iye ọjọ́ tó gbà kí nǹkan náà tó mọ́ wọn lára, èyí tó bọ́ sí agbedeméjì, jẹ́ 66. Ẹni tó yá jù gba ọjọ́ 18. Ìṣirò sì fi hàn pé ẹni tó pẹ́ jù yóò gbà tó 254. Omi mímu tètè mọ́ni lára ju eré ìmárale lọ, bẹ́ẹ̀ eré ìmárale ni ọ̀pọ̀ nínú wa kọ́kọ́ ń dáwọ́ lé.

Ohun kan wà nínú ìwádìí yẹn tó yẹ kí gbogbo èèyàn gbọ́: ẹni tó pa ọjọ́ kan jẹ kò padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ kan ò ba nǹkan kan jẹ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti pa gbogbo rẹ̀ tì nítorí ọjọ́ Àìkú kan tẹ́ ẹ jẹun àjẹjù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e padà lọ́la.

Òṣùwọ̀n tí a fi ń wọn ìwúwo ara náà ń dá kún ìṣòro yìí. Ara máa ń tọ́jú ṣúgà sínú ẹ̀dọ̀ àti ẹran ara, gíráàmù kọ̀ọ̀kan rẹ̀ sì ń di omi bíi gíráàmù mẹ́ta mọ́ra. Bí a bá dín oúnjẹ kù, ara á kọ́kọ́ lo èyí, omi á sì bá a lọ. Ìdí nìyẹn tí òṣùwọ̀n fi ń yára wálẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Lẹ́yìn náà, ọ̀rá ló kù láti yọ́, ọ̀rá kì í sì í yára. Ẹ wò ó, bí òṣùwọ̀n ṣe ń lọ́ tìkọ̀ yìí gan-an ni ọjọ́ 21 ń pé. Ìṣírí tán, ìrọ̀rùn tí wọ́n ṣèlérí kò dé. Ṣé ó wá yà yín lẹ́nu pé ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń jáwọ́?

Nígbà tí mo tún bẹ̀rẹ̀, n ò ka ọjọ́ mọ́. Mo so rírìn mọ́ eyín fífọ̀: bí mo bá ti fọ eyín tán, bàtà ló kàn. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré ni, kódà lọ́jọ́ tó bá rẹ̀ mí. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Nǹkan bí oṣù kẹrin ni mo tó dé ìta láàárọ̀ ọjọ́ kan, tí mo wolẹ̀, tí mo rí i pé mo ti so okùn bàtà mi tán láìrántí ìgbà tí mo so ó.