Ẹnu Dùn-ún Ròfọ́

Àwọn àgbà ní ẹnu dùn-ún ròfọ́, agada ọwọ́ ṣeé ṣánko. Ẹni tó bá ti jókòó ti ìyá rẹ̀ ní ilé ìdáná rí mọ ohun tí wọ́n ń sọ. A ó ṣa ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀, a ó fọ iyẹ̀pẹ̀ ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, a ó rẹ́ ẹ, a ó bọ̀ ọ́, a ó fún omi rẹ̀ dànù. Ata wà nílẹ̀ tí a ó lọ̀, irú wà tí a ó ṣa òkúta inú rẹ̀, èéfín sì ń dúró de ojú. Ẹnu ò mọ gbogbo ìyẹn. Ká tó ṣẹ́jú, ẹnu ti sè é tán, ó ti bu ìyán sí i. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó na àtẹ́lẹwọ́ bí àdá tó ń fì í sọ́tùn-ún sósì: oko ti mọ́ tónítóní, koríko kankan ò sì yẹ̀ nídìí.

Èmi náà ti fi ẹnu se ọ̀pọ̀ ìkòkò. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń kọ́ kíláàsì àgbà ní Sọ́ńdè sùkúù ìjọ wa. Lọ́dún tó kọjá, nígbà tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, ẹ̀kọ́ wa bọ́ sí ìwé Jákọ́bù orí kejì. Mo múra. Bírò pupa, bírò dúdú, ojú ìwé mọ́kànlá. Mo ṣàlàyé fún wọn pé Pọ́ọ̀lù àti Jákọ́bù ò bá ara wọn jà lórí ọ̀rọ̀ ìgbàgbọ́ àti iṣẹ́, pé gbòǹgbò ni ọ̀kan ń sọ, èso ni èkejì ń sọ. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi.

Ìjì ti ṣí páànù ilé ọ̀kan nínú wa lọ́sẹ̀ yẹn gan-an. Opó ni màmá náà, bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn ló máa ń jókòó sí. Ó sọ ọ́ nígbà tí a béèrè ohun tí a ó gbàdúrà lé lórí. A dìde, a di ọwọ́ ara wa mú, a gbàdúrà (mi ò fi ṣe yẹ̀yẹ́ o, ẹlòmíràn sunkún), a ní Olúwa á bò ó. A ṣe oore-ọ̀fẹ́, kálukú gba ilé rẹ̀ lọ. Òjò rọ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ẹ padà ka ẹsẹ 15 àti 16 orí tí mo fi ojú ìwé mọ́kànlá ṣàlàyé yẹn. Ẹnì kan ò láṣọ, kò rí oúnjẹ òòjọ́. Èkejì ní kó máa lọ ní àlàáfíà, kí òtútù má mú un, kó sì yó. Ṣé ọ̀rọ̀ burúkú nìyẹn? Àdúrà ni! Ohun tó ń bà mí lẹ́rù nìyẹn. Àmín wa lè jẹ́ ọmọrí tí a dé lé ìkòkò òfìfo.

Mi ò ní ká pa Bíbélì dé. Ẹni tí kò bá kọ́ ẹ̀fọ́ lè já ewé májèlé sọ́bẹ̀.

Àmọ́ ẹ wo Kúdẹtì, n'Íbàdàn. Ọdún 1853 ni míṣọ́nnárì David Hinderer àti Anna ìyàwó rẹ̀ débẹ̀. Ìwàásù ni wọ́n bá wá, ọmọ ló kún ilé wọn. Olóyè Olúńlọ́yọ̀ọ́ fi ọmọ méjì, Yéjídé àti Akínyẹlé, lé Anna lọ́wọ́. Nígbà tí ogun Ìjàyè bẹ́ sílẹ̀ ní 1860, ọ̀nà etíkun dí, owó àti ẹrù ò wọlé mọ́. Tọkọtaya náà bẹ̀rẹ̀ sí í ta ẹrù ilé wọn, títí kan aṣọ orí ibùsùn, kí àwọn ọmọ ọlọ́mọ lè rí nǹkan fi sẹ́nu. Ìyá ni wọ́n ń pe Anna. Ta ló tún fẹ́ bi í pé kí ni ìtumọ̀ Jákọ́bù orí kejì?

Ẹ̀yin tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi, kí ẹ tó ṣe oore-ọ̀fẹ́, ẹ béèrè ta ni yóò lọ sílé ta, lọ́jọ́ wo. Ẹ má gbà "a ó lọ lọ́sẹ̀ yìí." Ẹ jẹ́ kí wọ́n dárúkọ ọjọ́.

Ọjọ́bọ̀ ni màmá náà tó sọ fún mi pé ẹnì kan ti wá. Káfíńtà kan wà ní kíláàsì wa tí kì í dáhùn ìbéèrè. Láàárọ̀ Mọ́ńdè ló ti débẹ̀ pẹ̀lú òòlù àti ìṣó nínú ọ̀rá. Ó ṣa páànù jọ láti àgbàlá aládùúgbò tí ìjì gbé e jù sí, ó fi òòlù nà án lórí òkúta títí ó fi tọ́, ó sì kàn án padà sórí yàrá. Ti pálọ̀ ga ju ibi tí ọwọ́ rẹ̀ lè dé.

Ní Sọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, mo ṣí ìwé mi, mo ní ta ló ní ìbéèrè. Bàbá Káfíńtà nawọ́. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn.

"Tíṣà, ẹ ní àkàbà nílé?"