Iyọ̀ ò mọ róòsì yàtọ̀ sí koríko

Ẹ dé ọ̀dọ̀ àwọn onífúláwà etí títì, kí ẹ ní koríko ń yọ yín lẹ́nu láàrin róòsì. Kò ní pẹ́ tí ẹnìkan á fi ní, "Ẹ bu iyọ̀ sí i, ó parí." Àwọn mìíràn a tún pò ó mọ́ fínígà àti ọṣẹ. Èmi náà gbà á gbọ́ rí, torí ojú ló rí i: ẹ da omi iyọ̀ sórí koríko lónìí, tó bá di ọ̀túnla, ewé rẹ̀ ti rọ.

Ewé lẹ rí yẹn o.

Iyọ̀ kì í jẹrà. Inú ilẹ̀ ló ń jókòó sí. Bó bá ti pọ̀ níbẹ̀, gbòǹgbò ò ní lè fa omi mọ́, bí ẹ tilẹ̀ ń bomi rin ín láàárọ̀ àti lálẹ́. Ilẹ̀ alámọ̀ a tún dì gbagidi. Òjò ńlá lè ṣàn án kúrò lóòótọ́, àmọ́ ìdí ọ̀gbìn tó wà nísàlẹ̀ ló máa ṣàn án lọ.

Èyí tó burú jù ni pé róòsì wà lára àwọn òdòdó tí ara wọn ò gba iyọ̀. Etí ewé rẹ̀ á kọ́kọ́ jó, lẹ́yìn náà ewé á máa wọ́. Kóóko tí wọ́n ń gbìn sí pápá bọ́ọ̀lù ńkọ́, èyí tó ń nà lọ bí okùn? Iyọ̀ tó pa róòsì, òun á fara dà á. Ẹ kàn fowó ara yín ra iyọ̀ láti bá koríko pa òdòdó ni.

Ẹ tún wo ìbátan ọ̀fíọ̀, èyí tó ní kóró dúdú olóòórùn lábẹ́ ilẹ̀. Ẹ fi iyọ̀ jó ewé rẹ̀, kóró á ta ewé mìíràn. Ẹ fà á tu lẹ́ẹ̀kan, okùn á já, kóró á ṣẹ́ kù. Ewé ló fi ń bọ́ kóró, nítorí náà gbogbo ìgbà tó bá yọ ni kí ẹ hú u, kó tó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Iṣẹ́ ni, n kò ní tàn yín. Ọ̀pọ̀ ìgbà ló sì jẹ́ pé àwa la fọwọ́ ara wa rà á wálé, nínú iyẹ̀pẹ̀ ọ̀rá tí wọ́n gbin òdòdó sí. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó sanwó.

Fún koríko yòókù, ẹ tẹ́ lẹ́búlẹ́bú pákó láti sọ́ọ̀mìlì sílẹ̀, kó nípọn tó ìka mẹ́ta. Èyí tó ti pẹ́ ni o. Tútù rẹ̀ a máa jẹ ohun tí òdòdó fẹ́ jẹ. Ẹ má jẹ́ kó kan ìtì òdòdó.

Tí ilẹ̀ bá ṣófo, ẹ bomi rin ín nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kí ẹ fi ọ̀rá bò ó pinpin fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà. Oòrùn á se èso koríko mọ́bẹ̀. Ọ̀rá tí a lè rí òdìkejì rẹ̀ ni kí ẹ lò, kì í ṣe dúdú. Dúdú kì í jẹ́ kí ooru wọlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ìbátan ọ̀fíọ̀ ṣì lè yọ lẹ́yìn rẹ̀. Ọwọ́ lẹ ó fi hú ìyẹn.